Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Ní Sátidé tó kọjá, níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, ọmọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì Chelsea ní àwọn ará Rọ́ṣíà tó tòṣì, ọ̀lẹ ló pa wọ́n. Ó ní ṣebí ilẹ̀ kan náà ni Abramovich, olówó Rọ́ṣíà tó ni Chelsea nígbà kan rí, ti là. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Inú mi ru.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. A mọ àgbà náà, a sì mọ àwọn ọmọ tó jókòó tì í, tí wọ́n ń fojú sin òkèlè.

Igbá Rọ́ṣíà kì í ṣe kékeré: epo, gáàsì, níkẹ́lì. Ayé Kọ́múníìsì, wọ́n ní gbogbo ìlú ló ni ín. Nígbà tí ìjọba yẹn wó ní 1991, ó di pínpín. Láti oṣù kẹwàá 1992, tàgbà tèwe ń gba ìwé ìpín kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n lè fi ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ ìjọba; 10,000 rúbù, owó Rọ́ṣíà, ni wọ́n kọ sí i lára. Anatoly Chubais, tó ṣe kòkárí ètò náà, ní ìwé kan yóò tó mọ́tò Volga méjì. Mọ́tò wo! Lọ́dún yẹn gan-an, ọjà gbówó lórí ju ìlọ́po 20 lọ. Owó tí arúgbó fi gbogbo ayé rẹ̀ tù jọ di owó búrẹ́dì. Ẹni ebi ń pa kò lè jẹ ìwé. Ẹlòmíràn fi tirẹ̀ gba ìgò fọ́díkà kan, ó mu ún, ó sùn.

Ti 1995 ló wá burú jù. Ìjọba yáwó, ó fi àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dógò lọ́dọ̀ báńkì, kò sì san án padà. Wọ́n bá fi wọ́n ṣe gbàǹjo. Àwọn tó ń ṣe gbàǹjo náà ló tún ń jẹ ẹ́. Bí ìpín tó ju ìdajì lọ nínú Sibneft, ilé iṣẹ́ epo, ṣe bọ́ sọ́wọ́ Abramovich àti Berezovsky, olówó ẹgbẹ́ rẹ̀, nìyẹn, ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2005, Gazprom, ilé iṣẹ́ ìjọba, san 13 bílíọ̀nù kó tó rí i gbà padà.

Khodorkovsky, olówó mìíràn, gba Yukos, ilé iṣẹ́ epo mìíràn, ní irú ọ̀nà kan náà. Nígbà tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 2003, mélòó nínú àwọn mẹ̀kúnnù ló bá a ru igbá? Olówó kan láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì di méje.

Bọ̀dá mi kan ń kàwé ní Moscow lásìkò tí ọjà gbówó lórí yẹn. Ó rí tíṣà tó kọ́ ọ lédè Rọ́ṣíà lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, nínú yìnyín, ó di bàtà ọkùnrin kan mú, ó ń tà á. Bọ̀dá kí i. Ìyá náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun kọ́ ló ni ín, òun ń bá ẹnìkan dì í mú ni.

Òun lo pè ní ọ̀lẹ, ìwọ ọmọ yìí? Bọ́ jẹ́sì yẹn sílẹ̀ ná, kí o tó dá mi lóhùn.