Aago Ọwọ́ Jagunjagun

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kù nílẹ̀ Yorùbá tí kì í ṣe lámèyítọ́ fíìmù? Tẹ́ ẹ bá rí ẹyọ ẹnì kan, ẹ dì í mú kí n wá bá a ya fọ́tò. Ìyá tó ń ta gààrí ládùúgbò wa wo fíìmù tuntun kan lálẹ́ àná, ó ti fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Mẹkáníìkì mi fún un ní mẹ́ta. (Ọkọ̀ mi ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì o. Ẹ má bi mí léèrè iye témi náà máa fún un.) Kò sẹ́ni tó ń fún nǹkan ní mẹ́jọ mọ́. Bó o bá fún fíìmù ní mẹ́jọ báyìí, wọ́n á ní ojú ẹ ò tíì là.

Iṣẹ́ náà ò sì le rárá. Àní, wíwo fíìmù gan-an kò pọn dandan. Ọmọbìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tó jẹ́ pé ìlọ́po méjì eré ló fi ń wo fíìmù lórí YouTube. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn òṣèré á máa ké bí ẹyẹ ẹ̀gà. Bàálé ilé á kú, wọ́n á sin ín, opó á wọṣọ ọ̀fọ̀, á bọ́ ọ, á tún lọ́kọ mìíràn, ẹ̀bà iwájú ọmọ yìí ò ní tíì tán. Lọ́jọ́ kan tó wo ọ̀kan tán, mo bi í pé báwo ló ti rí sí. Ó fọ ọwọ́, ó ronú díẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa díẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn ti sáré jù."

Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, ẹni tó bá fẹ́ wò ó á wọṣọ, á wọkọ̀, á sanwó lẹ́nu ọ̀nà, á wá jókòó sínú òkùnkùn. Kò sí pé kí wọ́n dá a dúró ná kó o lọ tọ̀. Bí àjẹ́ bá ti yọ lójú agbo, gbogbo ilé ló ń gbọ̀n pọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì dé lẹ́yìn ìyẹn, a ń yá a lọ́wọ́ onífídíò, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lo gbọ́dọ̀ dá a padà. Bó ò bá sì ká a sẹ́yìn kó o tó dá a padà, ìyá ẹ ni wọ́n máa bú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ló máa gbọ̀rọ̀ báyẹn láti yá nǹkan kó wá sùn lójú ẹ̀? Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2016 tí Netflix dé ọ̀dọ̀ wa, tí YouTube náà kún fọ́fọ́, fíìmù di nǹkan àpò ṣòkòtò. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹni tó sanwó wọ sinimá kì í fẹ́ sọ pé kò dáa, torí bó bá ní kò dáa, òun ni wọ́n lù ní jìbìtì. Ẹni tó wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, tó jẹ́ dátà ọ̀gá rẹ̀ ló fi wò ó, òun ló máa ń bèèrè pé ta ló fẹ́ dá àkókò òun padà.

Kì í ṣe pé fíìmù wa ò lábùkù. Mo ti rí èyí tí ọkọ̀ fi fun fèrè lẹ́nu géètì, tí máígáàdì dìde, tó wá bàtà, tó ṣílẹ̀kùn, tí ọkọ̀ wọlé, tó tún yí padà kó tó dúró, tí ọ̀gá wá sọ̀ kalẹ̀ láti sọ pé òun gbàgbé nǹkan lọ́fíìsì. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ń sọ "ẹ kú ilé" di ikú ilé? Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo fíìmù á rí ẹ̀sùn kà. Ṣùgbọ́n ará ilé wa kì í ka irú ẹ̀sùn yẹn. Àbúrò ìyàwó mi wo Saworoidẹ, iṣẹ́ Túndé Kèlání ti ọdún 1999, ó wá ń bínú pé kí ló dé tí ọba Lápité ò kúkú sọ ìlù yẹn síná kí gbogbo wa sinmi. Mo ní ìlù ọ̀hún ò sí lọ́wọ́ ọba. Wọ́n ti gbé e sá lọ. Wíwá tí wọ́n ń wá a gan-an ni fíìmù. Ó ní, "Háà. Ó jọ pé ìgbà tí mo lọ ra búrẹ́dì ni."

Àbúrò ìyàwó mi yìí náà ló wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. A jókòó síwájú tẹlifíṣàn, a fi fíìmù ààfin kan sí i. Láti ìgbà tí Kunle Afolayan ti ṣe Aníkúlápó ní 2022, ọba ti pọ̀ lórí tẹlifíṣàn ju ilé epo ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Lámèyítọ́ gbé ẹ̀pà sísè sórí itan, fóònù wà lọ́wọ́ òsì. Bó bá bó ẹ̀pà mẹ́ta, á gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Ogun bẹ̀rẹ̀, Balógun nawọ́ sókè láti fi àṣẹ lélẹ̀, ni ọmọkùnrin yìí bá fò dìde, gbogbo èèpo ẹ̀pà dà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ dá a dúró! Bọ̀dá, ẹ dá a dúró! Aago! Jagunjagun so aago mọ́wọ́!"

A dá a padà sẹ́yìn. Mo lọ mú awò ojú mi. Ìyá Ìbejì jáde láti kíṣìnnì tòun ti omorogùn lọ́wọ́, ó sún mọ́ tẹlifíṣàn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ẹ̀gbà ọwọ́ nìyẹn. Idẹ ni."

"Àǹtí, idẹ wo ló ń tàn báyẹn?"

"Idẹ tí wọ́n fọ̀ ni."

A tún dá a padà. Ẹ̀gbà ni. Ó ṣe róbótó, kò ní ojú, kò ní ọwọ́, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Nígbà tá a dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n mú iná lọ. Nínú òkùnkùn yẹn, ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló wà lójú Lámèyítọ́, àtàǹpàkò méjèèjì ń ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀ aránṣọ. Ó kọ ọ́ sórí status rẹ̀ pé: "Jagunjagun ayé àtijọ́ wọ aago! Ojú ò ti àwọn èèyàn yìí. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá."

Mo ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún péré la tíì wò nínú wákàtí méjì."

"Bọ̀dá, ta ló fẹ́ wo irú ìyẹn tán?"

Kí iná tó padà dé, ọ̀rọ̀ ti kúrò nílé wa. Mọ̀lẹ́bí wa kan ní Peckham ti fohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, ó ní ìdí tóun ò fi lè wo iṣẹ́ àwọn ará ilé nìyẹn. Ẹlòmíràn ṣàlàyé bí àwọn baba wa ṣe ń fi òòrùn mọ àkókò, ó kọ ọ́ gùn, ó ti òòrùn dé orí àkùkọ. Gbogbo wọn ń bínú, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó bèèrè orúkọ fíìmù náà. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àbí? Ti fíìmù o, inú status ló wà.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ gẹrun. Onígbàjámọ̀ ti fá apá kan orí mi nígbà tó dáwọ́ dúró.

"Ẹ ti gbọ́ ti fíìmù tí Balógun ti so aago mọ́wọ́? Èmi fúnra mi rí i. Casio ni, dúdú, èyí tó máa ń tanná lálẹ́."

Bàbá tó ń retí kí orí kàn án mi orí. "Casio kọ́. Rolex ni. Mo dá a dúró láti wò ó dáadáa. Aago mẹ́ta ti lù, ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Wọ́n jọ fà á díẹ̀, kò yanjú. Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi, ẹ̀rọ ìgẹrun sì ń kùn lẹ́bàá etí mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ẹ ò rí i ni?"

Mo rántí ẹ̀gbà idẹ. Mo rántí awò ojú mi, àti omorogùn, àti ẹ̀ẹ̀mẹta tá a dá a padà sẹ́yìn. Mo wo apá orí mi tó kù tí wọn ò tíì fá nínú dígí.

"Mo rí i," mo ní. "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá lèmi fún un."