Èwo ni ọ̀gá nínú wọn?

Ẹ fi fídíò róbọ́ọ̀tì tó ń tò rìn láìkọlu ara wọn han èèyàn, ìbéèrè kan náà lẹ ó gbọ́: "Èwo ni ọ̀gá nínú wọn?" Bí wọn ò bá rí ọ̀gá, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà kan ló fara pa mọ́ síbì kan, tó ń wo gbogbo wọn, tó ń pàṣẹ. Kò pọn dandan rárá.

Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Harvard kó róbọ́ọ̀tì 1,024 lé orí tábìlì. Kilobot lorúkọ wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹsẹ̀ tín-ín-rín mẹ́ta tó ń gbọ̀n ló fi ń wọ́ nílẹ̀. Kò lójú. Ìmọ́lẹ̀ téèyàn ò lè rí ló ń tàn sórí tábìlì, ìyẹn lèyí tó wà nítòsí fi ń mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Apá ibi tí èkejì wà gan-an, kò mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn ló fi àwòrán kan náà tí wọ́n máa tò jọ sínú gbogbo wọn, wọ́n sì fi mẹ́rin sàmì ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù wá ń gba etí ọ̀wọ́ náà yí po títí kálukú fi rí àyè tirẹ̀. Ó gbà wọ́n tó wákàtí 12. Wọn ò yára, mo gbà, àmọ́ kò sí ọ̀gá.

Ó dáa, ṣé kí róbọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan máa wo gbogbo àwọn tó kù ni? Ìyẹn náà kọ́. Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì tì í: á wọ́ dà sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ igi kankan ò gùn sí i. Ẹ wá fi igi karùn-ún dábùú rẹ̀ láti igun sí igun, á dúró gbọn-in. Bí ti róbọ́ọ̀tì náà ṣe rí nìyẹn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, róbọ́ọ̀tì mẹ́rin nílò kí wọ́n wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra ní ọ̀nà márùn-ún, mẹ́wàá nílò 17, kì í ṣe gbogbo 45 tó wà láàárín méjì-méjì wọn. Àmọ́ kì í ṣe 17 èyíkéyìí o. Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sápá kan, apá kejì á máa mì.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni dróònù tó ń yàwòrán lójú ọ̀run lóru, táwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó gbéra. Bí ọ̀kan bá já bọ́, èyí tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò ní mọ̀.