Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Dí Eyín Yín

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin pè mí láti Kàbbà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Oyún oṣù mẹ́ta ló ní nígbà tí wọ́n bá a dí eyín kan tí kòkòrò ti jẹ. Èyí tó dà bí fàdákà yẹn ni wọ́n fi dí i. Ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó lóyún. Ìgbà tó délé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, wà nínú ohun tí wọ́n fi dí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò parọ́. Amalgam ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ mẹ́kúrì, ìyókù jẹ́ fàdákà, bàbà àtàwọn irin mìíràn. Mẹ́kúrì kan náà tí àwọn awagóòlù máa ń fi kó góòlù jọ nínú iyẹ̀pẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará Ìsánlú mọ ohun tí wíwa góòlù jẹ́. Tó bá ti wà lẹ́nu, oru rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ ṣì ń jáde téèyàn bá ń jẹun, tàbí tó ń payín keke lójú oorun. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tára wọn dá ni kì í ṣe ní nǹkan kan. Ọmọ inú oyún kì í ṣe àgbàlagbà.

Nàìjíríà wà nínú àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì. Ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn náà fẹnu kò pé kí wọ́n má fi amalgam dí eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àfi tí dókítà eyín bá rí i pé ó pọn dandan fún aláìsàn náà. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tọ́jú àbúrò mi? Ó dùn mí gan-an.

Àbúrò mi ní òun fẹ́ lọ yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó má dán an wò. Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ amalgam kúrò, oru tó máa jáde pọ̀ ju èyí tó ń jáde tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lọ. Tí kò bá tíì fọ́, tí eyín ò sì dùn ún, kó fi í sílẹ̀, kó sọ fún dókítà tó ń tọ́jú oyún rẹ̀.

Àwọn kan á ní ká kúkú máa lo ohun ìdíyín funfun tí wọ́n ń pè ní composite. Mi ò ta ko ìyẹn, ṣùgbọ́n kẹ́míkà wà nínú funfun náà. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń mú un le. Tí wọn ò bá tàn án tó, èyí tí kò le nínú rẹ̀ á máa jò sẹ́nu. Èyí tó wù mí jù fún ìlú tíná kì í dúró bíi tiwa ni glass ionomer, ohun ìdíyín mìíràn tí kò ní mẹ́kúrì, tó ń le fúnra rẹ̀ láìlo iná. Ó ń tú fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, sára eyín, irinṣẹ́ ọwọ́ lásán sì tó láti fi ha ibi tó jẹrà kúrò kí wọ́n tó fi dí i. Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí láàrin ọdún 1980 sí 1989, níbi tí kò síná.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ́ dí eyín. Mo ti pe ilé ìtọ́jú eyín ṣáájú. Wọ́n ní amalgam ló wà nílẹ̀, pé glass ionomer á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní a ó dúró.