Kí ọmọ tó ń kọ́ òfin mọ ọ̀nà kóòtù

Mo fara mọ́ ìròyìn kan tí mo kà, tó sọ pé kí yunifásítì máa rán àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin lọ sí ilé iṣẹ́ lọ́ọ̀yà kí wọ́n tó gboyè. Ọdún 5 la fi ń ka LL.B, ìyẹn oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ òfin, ní Nàìjíríà níbí, ó di Law School, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn yunifásítì kí wọ́n tó di lọ́ọ̀yà, kí wọ́n tó rán èèyàn lọ wo kóòtù. Ó ti pẹ́ jù!

Nígbà họ́lídè ọdún kẹta, mo bẹ lọ́ọ̀yà kan n'Íbàdàn kó gbà mí sí ṣáńbà, ìyẹn ọ́fíìsì rẹ̀. Kò sówó oṣù o, màmá mi ló ń fún mi lówó ọkọ̀. Wọ́n ní kí n lọ fi àfidáfíìtì, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi búra sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, sílẹ̀ ní kóòtù. Mo ti ní kí oníbàárà fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì, mi ò mọ̀ pé iwájú kọmíṣánnà ìbúra, ẹni tí òfin ní kó máa gba ìbúra, ló yẹ kó ti ṣe é. Akọ̀wé kóòtù wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Lọ́yà, ẹ lọ mú ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wá."

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2021 tí SQE, ìdánwò àwọn tó fẹ́ di lọ́ọ̀yà (solicitor), ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ òfin ọdún 2 wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè kéèyàn tó di lọ́ọ̀yà, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní law clinic yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn òfin, sì lè wà lára ọdún 2 náà. Kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀? Àmọ́ kí àwọn ọ̀gá má sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹni tí wọ́n ń rán lọ ra àmàlà o.