Róbọ́ọ̀tì yẹn kì í gbé àpò ìrẹsì o
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Ẹ ní róbọ́ọ̀tì onírin ló ń gbé ọta ìbọn àti oúnjẹ fáwọn sójà Amẹ́ríkà báyìí, pé iṣẹ́ akọ̀wé ti parí. Rárá o. RPA (robotic process automation) tẹ́ ẹ̀ ń pè ní róbọ́ọ̀tì yẹn ò lọ́wọ́ ò lẹ́sẹ̀, sọ́fítíwíà ni, inú kọ̀ǹpútà ló wà, ohun tí akọ̀wé máa ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń bá wọn tẹ̀, á ṣí fọ́ọ̀mù, á kó nọ́ńbà láti ibì kan síbòmíì, á wò ó bóyá owó tó wà lórí ìnfọ́ìsì, ìyẹn ìwé owó ọjà, bá ti ọ́dà tí wọ́n fi ra ọjà náà mu, tí ò bá bá a mu á gbé e fún èèyàn. Bí Defense Logistics Agency, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wá ẹrù fáwọn ológun wọn látọdún 1961, ṣe ń lò ó nìyẹn.

Ẹ wo ẹni tó ń kọ̀wé ọjà ní ṣọ́ọ̀bù l'Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo, tó bá kọ 100 dípò 10, wàhálà ti dé. Róbọ́ọ̀tì yìí náà ò lè ronú, tí wọ́n bá fún un ní òfin tí ò dáa, àṣìṣe yẹn náà lá máa ṣe lọ, wéré wéré sì ni, àfi kí akọ̀wé tó mọṣẹ́ máa ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà.