Màlúù pupa tó wọ bàálù

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fídíò màlúù pupa ránṣẹ́ sí mi pé ayé ti fẹ́ parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Númérì orí 19. Kò sí ọ̀rọ̀ òpin ayé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkú ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú ti di aláìmọ́. Wọn á wá ẹgbọrọ abo màlúù pupa tí kò lábùkù, tí wọn kò tíì di àjàgà mọ́ rí, wọn á sun ún pẹ̀lú igi kédárì, ewéko hísópù àti òwú òdòdó. Eérú rẹ̀ ni wọn á pò mọ́ omi tó ń ṣàn, wọn á sì wọ́n ọn sí ẹni náà lára lọ́jọ́ kẹta àti ọjọ́ keje. Ẹni tó sun màlúù ọ̀hún ńkọ́? Òun náà á di aláìmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́! Àwọn Júù ní Sólómọ́nì pàápàá wá ìdí èyí tì.

Àwọn àgbà wọn ka irú màlúù bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án péré tí wọ́n sun láti ìgbà Mósè títí Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù fi wó ní ọdún 70. Nígbà tó di 1996, wọ́n bí ọ̀kan ní Kfar Hasidim, abúlé kan ní Ísírẹ́lì, wọ́n sọ ọ́ ní Melody. Ariwo ta. Bó ṣe ń dàgbà ni irun funfun yọ nírù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, wọ́n fi bàálù kó márùn-ún wá sí Ísírẹ́lì láti Texas. Àwọn kan gbà pé láìsí eérú yìí, àwọn Júù kò ní mọ́ tó láti tún Tẹ́ḿpìlì kọ́. Àwọn Kristẹni Amẹ́ríkà tó ń retí òpin ayé, tí wọ́n ka Tẹ́ḿpìlì tuntun sí àmì rẹ̀, wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Orí òkè tí Tẹ́ḿpìlì wà nígbà kan ni mọ́sálásí Al-Aqsa wà báyìí, nítorí náà ní oṣù Kìíní 2024, agbẹnusọ ológun Hamas, ẹgbẹ́ Palẹ́sínì tó ń bá Ísírẹ́lì jà, dárúkọ màlúù pupa nínú ẹ̀sùn tó fi kàn wọ́n. Ohun tí wọ́n fi ń wẹ ìdọ̀tí òkú nù ti wá di ohun tí wọ́n fi ń ka ẹ̀bi ogun sí ara wọn lọ́rùn. Òfin Júù ni, n kò bá wọn jà sí i. Ìkánjú yìí ni kò yé mi.

Ìtàn Dama ará Ashkelon ni mo fẹ́ràn jù nínú Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà Júù. Kì í ṣe Júù. Wọ́n wá ra òkúta iyebíye lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá rẹ̀ tó ń sùn. Kò jí bàbá rẹ̀ lójú oorun. Owó ńlá lọ. Lọ́dún kejì, màlúù pupa délẹ̀ nínú agbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn Júù dé, ó ní, “Iyekíye tí mo bá dá lé e lẹ máa san, mo mọ̀. Èyí tí mo pàdánù nítorí bàbá mi nìkan ni kẹ́ ẹ fún mi.”