Ṣé aṣọ ló ń pẹran ni?
Ó tún ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí o! Mo lọ ra ọta ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó ń tajà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kí n ra kamọfílájì, aṣọ ọdẹ tó jọ ewé igbó, kí n tó wọgbó, 600 dọ́là! 600 dọ́là torí pé wọ́n ya ewé sára ṣòkòtò! Ṣé mò ń lọ fẹ́ àgbọ̀nrín sílé ni? Gbérí, ẹ̀wù ọdẹ wa, kan ṣoṣo ni bàbá mi fi dẹgbó títí ó fi gbó mọ́ wọn lọ́rùn, àìmọye ẹtu ni wọ́n gbé wálé. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, torí tẹ́ran bá ti gbóòórùn ẹ, kí lewé ara aṣọ fẹ́ ṣe sí i? Àgbọ̀nrín ò tiẹ̀ dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, ìyẹn ni òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbí ṣe lè ní kí ọdẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, kí ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ má baà yìnbọn lù ú, ẹran ṣì ń kú! Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ, àbí owó aṣọ ni wọ́n ń sọ ni? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Mo ra ọta mi, mo bá tèmi lọ.